Wáìnì Pupa àti Iṣu Sísun

Ajé, 9 Oṣù Kejì, 1998

Orúkọ mi ló ṣáájú nínú ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, ọ̀gá wa tuntun, kà sí wa létí lónìí. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ gẹ́sítì háòsì ìjọba jọ sí gbọ̀ngàn, ó ní ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún tí kò sì ní ìwé-ẹ̀rí, kó máa lọ sinmi nílé rẹ̀ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Àwa mẹ́ta ni: èmi Veronica tí mò ń se oúnjẹ, Agatha tó ń fọ abọ́, àti Monica tó ń fọ aṣọ ibùsùn. Ọkùnrin tí kò tíì lo oṣù méjì láàárín wa ní Ọ̀wọ̀! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá Vero, ẹ ti gbìyànjú."

Mo ní, "Mi ò gbìyànjú o, ọ̀gá. Mo se oúnjẹ ni."

Monica bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé kíṣìnì, mo gé àlùbọ́sà tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n gé.

Ó tún ní àwọn ará Ítálì kan ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta. Wọ́n fẹ́ wo àpáta tí wọ́n lè máa fọ́ ní apá Ute, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò sì ti jẹun ọ̀sán. Alásè kan yóò wá láti Àkúrẹ́ láti se é. Mo dìde, mo ní ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi se oúnjẹ fún àwọn Ítálì ní kám̀pù àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní Ute, títí wọ́n fi kó lọ. Ó bi mí pé ìwé wo ni wọ́n fún mi. Mo ní Ẹnjiníà Bruno, ọ̀gá wọn, kò fún mi ní ìwé, abọ́ òfìfo ló ń fún mi lójoojúmọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mi ò lọ síbì kankan.


Ọjọ́bọ̀, 12

Ọyẹ́ ń jà, ètè mi ti là. Kẹrosíìnì ti di ọ̀wọ́n gógó, a ti padà sídìí igi. Agatha ní ká lọ bẹ ọ̀gá. Mo ní kó lọ bẹ ìkòkò.


Ajé, 16

Páálí wáìnì kan dé láti Èkó, ìgò méjìlá, pupa. Àwọn àlejò ló fi ránṣẹ́ ṣáájú ara wọn. Mo rí ìwé ara ìgò náà, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀, nítorí irú rẹ̀ ni Ẹnjiníà ń mu.

Ìjọ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé kì í fẹnu kan ọtí. Nítorí náà ó ní kí Christopher akọ̀wé jẹ́ ahọ́n òun. Wọ́n ṣí ìgò kan, Christopher mu ún, ó pọ́n ẹnu lá, ó ní, "Ọ̀gá, ó dùn bí Fáńtà! Ó tún dùn ju Fáńtà lọ."

Ọ̀gá ní ó parí. Ohun dídùn ni yóò bá ohun dídùn rìn. Lójú ẹsẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀: ìrẹsì díndín, adìyẹ tí a fi oyin pa lára, kọ́sítáàdì, kéèkì. Ó ní kí wọ́n to ìgò mọ́kànlá tó kù sínú fìríìjì, kí ó tutù dáadáa. Ó ní kí n da ti inú ìgò tí wọ́n ṣí nù.

Fáńtà kẹ̀? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń gbé wáìnì yẹn síwájú Ẹnjiníà, kò sí ọjọ́ kan tí mo gbọ́ pé ó dùn bí Fáńtà. Mo gbé ìgò náà wọ kíṣìnì lẹ́yìn, mo fi kọ́ọ̀kì rẹ̀ dí i, mo gbé e sídìí àmù. Mi ò dà á nù.


Ìṣẹ́gun, 17

Mo tọ́ wáìnì náà wò lónìí pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, Agatha jókòó tì mí lórí àpótí.

Àkọ́kọ́, òun nìkan. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilé tí wọ́n sá tábà sí, bẹ́ẹ̀ ni èso pupa kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ lédè wa. Ó kan. Lẹ́yìn náà ó korò díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fún ẹnu mi pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ èèpo agbálùmọ̀ mọ́ agbálùmọ̀. Agatha tutọ́, ó ní, "Àǹtí Vero, àwọn ará Ítálì yìí ń jìyà!" Ṣùgbọ́n mo dúró díẹ̀, mo rí i pé itọ́ ń sun lẹ́nu mi. Ohun tó bá ń fa itọ́ báyẹn, oúnjẹ ló ń pè.

Mo bá pe oúnjẹ wá. Mo fi ẹja gbígbẹ tì í, ẹnu mi rí bí ẹni tó lá ọ̀bẹ. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wá bu ọbẹ̀ ata tí mo se fúnra mi, èyí tí mo fọkàn tán. Yéè! Ata rodo àti wáìnì di iná lẹ́nu mi, wọ́n jọ ń jà, ojú mi sì ń ṣomi. Agatha ń fi aṣọ fẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń fọ́nnu lójú gbogbo èèyàn! Ìgbà yẹn ni mo tó rántí abọ́ kékeré. Lọ́jọ́ tí Ẹnjiníà bá fẹ́ mu wáìnì, ọ̀tọ̀ ni mò ń gbé ata sí fún un nínú abọ́ kékeré, kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń ṣe é tí mo rò pé ẹ̀rù ata ló ń ba òyìnbó.

Nígbà tí ẹnu mi tutù, mo sun iṣu. Mo ha á, mo bẹ́ ẹ sí méjì, mo fi epo pupa àti iyọ̀ pa á lára. Mo jẹ ẹ́, mo mu wáìnì lé e. Epo yẹn gba wáìnì lálejò. Fífún tó ń fún ẹnu pọ̀ lọ, kíkan rẹ̀ fọ epo kúrò lórí ahọ́n, ibi tí iṣu ti jó díẹ̀ sì bá òórùn tábà yẹn mu. Mo fún Agatha. Kò tutọ́ mọ́. Ó ní kí n bu sí i.


Ọjọ́rú, 18

Wáìnì náà ti rọ̀ ju ti àná lọ. Kúlísúmù oníwàrà gbé wàrà dé láti Ute, mo ra mẹ́fà, mo fi iyọ̀ díẹ̀ dín in títí tí ara rẹ̀ fi pọ́n. Wàrà àti wáìnì yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo pe Kúlísúmù kó wá rí ohun tí wàrà rẹ̀ ń ṣe. Ó ní òun kì í mu ọtí, ṣùgbọ́n òun gbà mí gbọ́ nítorí ojú mi.

Mo tún rí ìdí Fáńtà Christopher. Mo lọ gbé tíì fún un lọ́fíìsì, mo bá kóró pẹlẹbẹ dúdú méje lórí tábìlì rẹ̀. Àgbáyun! Àna rẹ̀ ló kó o wá fún un láti Imeri. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ àgbáyun, bó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, oyin ni yóò máa lá títí di ọ̀sán. Mo bi í pé, "Christopher, o jẹ èyí kí o tó tọ́ wáìnì wò?" Ó wo kóró, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún ọ̀gá."

Èmi lọ sọ fún ọ̀gá. Mo ní kíkan ni wáìnì náà, kì í ṣe ohun dídùn, oyin àti kọ́sítáàdì yóò sọ ọ́ di ọtí kíkan lẹ́nu àlejò, kò sì gbọdọ̀ tutù tó báyẹn nítorí òtútù ń mú un le. Mo ṣàlàyé àgbáyun. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ń mu ọtí lẹ́nu iṣẹ́?"


Ẹtì, 20

Ìwé kúẹ́rì dé. Ó ní kí n dáhùn láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ bá mi wí. Mo lo ìṣẹ́jú méjì. Mo kọ ọ́ pé: Mo tọ́ ọ wò nítorí pé èmi ni alásè.

Ìyókù inú ìgò ti kan pátápátá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lè lò bí wọ́n bá ti ṣí i. Ó yẹ kí n rántí èyí.


Ọjọ́rú Eléérú, 25

Mo gba eérú sórí. Mo bi Fadá bóyá mo ti dẹ́ṣẹ̀ bí mo bá tún ní láti tọ́ wáìnì wò nínú Lẹ́ńtì. Ó ní títọ́ wò kì í ṣe mímu. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Veronica, iṣu sísun wo lẹ ń wí yẹn?" Agatha ti sọ fún gbogbo ìjọ.

Àdúrà mi kúrú: Olúwa, má jẹ́ kí n lọ sílé kí n tó ṣetán.


Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti sún ìbẹ̀wò àlejò síwájú ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ẹtì ni báyìí, ọjọ́ kẹtàlá.

Orí mi gbóná. Mo ti ra ọ̀yà méjì lọ́wọ́ ọdẹ kan ní Arimogija, mo ti fi èéfín gbẹ wọ́n, mo ti mọ bí n ó ṣe fi wọ́n ti wáìnì. Ẹran ló bá a mu jù lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Ute. Ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì rèé! Ẹnjiníà lè pàdánù Máàsì lóṣù mẹ́ta, kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì, nítorí ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Mo padà lọ bá ọ̀gá láìka kúẹ́rì sí. Mo ní, "Ọ̀gá, ìjọ wa kan náà làwọn tó ń bọ̀ yìí. Tí ẹ bá gbé adìyẹ síwájú wọn lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó gbé e padà ni."

Ó ní, "Ohun tí ìjọba bá gbé síwájú àlejò ni àlejò ń jẹ."

Mo kó ọ̀yà méjèèjì fún Monica, kó bá mi tọ́jú wọn di Àjíǹde. Mo jókòó lẹ́yìn kíṣìnì, mo sunkún níkẹyìn, kò sì gùn.


Àbámẹ́ta, 7

Olú! Kí ló ṣe mí tí n kò rántí? Obìnrin kan láti Arimogija ń ta olú gbígbẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi àlùbọ́sà àti epo díẹ̀ yan án lórí ẹyin iná. Ó ń ta sánsán bí ẹran ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹran. Fadá kò lè rí nǹkan wí.

Mi ò ní wáìnì tí n ó fi tọ́ ọ wò. Mo pa ojú dé, mo jẹ olú, mo sì ń rántí. Mo gbà pé yóò bá a mu. Ahọ́n mi ni ìwé-ẹ̀rí mi.


Ọjọ́bọ̀, 12

Alásè Àkúrẹ́ dé, fìlà funfun rẹ̀ ga ju ìkòkò mi lọ. Ó gba kíṣìnì ńlá. Ó ní kí n máa bá òun bó kárọ́ọ̀tì. Mo bó o. Ọwọ́ mi ń bó kárọ́ọ̀tì, ọkàn mi wà nínú fìríìjì.

Lọ́sàn-án, nígbà tí ọ̀gá lọ wá epo bẹntiróòlù, èmi àti Agatha yọ ìgò mẹ́fà. A gbé wọn lọ sí kíṣìnì lẹ́yìn. Mo da iyanrìn tútù sídìí àmù, mo tẹ́ ewé lé e, mo tẹ́ ìgò lé ewé, mo tún fi ewé bò ó. Bí ìyá mi ṣe ń tọ́jú obì nìyẹn, kí ó má gbẹ, kí ó má sì gbóná.

Agatha ní, "Àǹtí Vero, tí wọ́n bá ká wa mọ́ ọn, ulé la ń lọ."

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ulé náà ni wọ́n ti ní ká máa lọ tẹ́lẹ̀?"


Ẹtì, 13

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Òyìnbó méje ló dé. Arúgbó kan tó ń tọ̀pá ni olórí wọn. Olóyè Ọlámúyìwá ló ṣojú ìlú, nítorí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ wò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn kọ́tíìnì.

Alásè Àkúrẹ́ gbé adìyẹ dé, ó ń dán, oyin ń kán lára rẹ̀. Arúgbó náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́, ó sì rọra tì í síwájú. Olóyè náà ti tirẹ̀. Ó ní, "Ẹtì Lẹ́ńtì mà rèé." Àwo ń padà bí ó ṣe lọ.

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé wáìnì wá, bóyá ìyẹn yóò gba òun. Òógùn òtútù ń kán lára ìgò. Ó fẹ́ bu ún fún àlejò nígbà tí Olóyè gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró. Ẹni ó gbé ọtí wá, òun ní í kọ́ tọ́ ọ wò. Báyìí ni wọ́n í ṣe ní ulé wa, kí àlejò fi mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ọ̀gá wo ìgò, ó wo Olóyè. Ó pe Christopher. Christopher fi ìgboyà dé, ó gbé ife, ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu bí ẹni tó ń mu Fáńtà. Kò sí àgbáyun lẹ́nu rẹ̀ lónìí. Ojú rẹ̀ ká jọ, ètè rẹ̀ lọ sí ọ̀tún, ó sì pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ọ̀gá, ó ti bàjẹ́!"

Arúgbó náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ti bọ́ sáàárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú àpọ́rọ́nù mi.

Mo ní, "Kò bàjẹ́."

Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ padà sí kíṣìnì."

Olóyè ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ta ni ọ́, obìnrin?"

Mo ní, "Veronica ni mí, Bàbá. Èmi ni mo ń se oúnjẹ ní ilé yìí. Wáìnì yìí kò bàjẹ́, òtútù ló pa á, ebi ló sì ń pa á. Kò yẹ kí ẹ mu ún lásán." Mo pe Agatha. Ó jáde pẹ̀lú àwo ńlá àti ìgò láti ìdí àmù, iyanrìn ṣì wà lára wọn. Mo ṣí ìgò kan. Mo bu sínú ife, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i, mo mu ún tán. Mo ní, "Ó kan díẹ̀, ó korò díẹ̀, ó ń fún ẹnu pọ̀ bí èèpo agbálùmọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ jẹun, kí ẹ tó mu ún." Christopher, tó ṣì ń nu ẹnu, ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣu sísun tí epo àti iyọ̀ wà lára rẹ̀. Olú tí mo yan lórí ẹyin iná. Wàrà díndín Kúlísúmù. Ata wà nínú abọ́ kékeré, ọ̀tọ̀.

Arúgbó náà fọwọ́ mú iṣu. Ó fi olú lé e. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mu wáìnì, ó sì pa ojú dé. Ó pẹ́ kí ó tó là á. Ó ti abọ́ rẹ̀ síwájú mi, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Áńkóra."

Christopher kò lè túmọ̀ ìyẹn. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà máa ń sọ nìyẹn nígbà tó bá fẹ́ kí n bu sí i. Ọdún méje ni n kò ti gbọ́ ọ.

Mo bu sí i. Mo bu fún gbogbo wọn. Olóyè bèèrè bóyá uṣu kù. Nígbà tí mo ń gbé àwo padà, mo rí ọ̀gá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó kọjú sí ògiri, ó ń jẹ iṣu.

Abọ́ òfìfo mẹ́jọ ni Agatha fọ̀.


Ajé, 16

Ọ̀gá pè mí. Ìwé orúkọ wà lórí tábìlì, ó ti fi ìlà yọ tèmi kúrò. Ó ní Àkúrẹ́ ti gbọ́, inú wọn dùn, àwọn àlejò yóò padà wá. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ ohun tí wáìnì pupa ń bá mu àti ohun tí kì í bá mu sórí ìwé, kí òun fi ránṣẹ́, kí alásè tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa tẹ̀ lé e.

Mo wo ìwé orúkọ náà. Mo ní, "Ọ̀gá, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìlà kan ni mo rí."

Ó ní, "Màmá, tiyín ni a ń sọ."

Mo ní, "Ta ló gbé ìgò? Ta ló fọ aṣọ tábìlì tí òyìnbó nu ọwọ́ sí? Ẹ fa méjì tó kù, tàbí kí ẹ pa ìlà orí tèmi rẹ́." Mi ò jókòó, mi ò sì bẹ̀ ẹ́.

Ó mú bírò. Ó fa ìlà sórí Agatha, ó fa ìlà sórí Monica. Ó wá ti ìwé funfun sí mi fún àkọsílẹ̀ wáìnì.

Mo ní, "Mi ò kọ ọ́. Ìwé ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wá bá mi ní kíṣìnì ní aago mẹ́fà àárọ̀."


Ọjọ́rú, 18

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá dé. Ó wọ àpọ́rọ́nù tuntun, ibi tí wọ́n ká a sí ṣì hàn lára rẹ̀. Ó ní, "Màmá, níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní a óò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò bá wáìnì mu. Mo gbé ọlọ síwájú rẹ̀, mo da ata rodo lé e. Kò tíì lọ ìdajì rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣomi, tó ń fi èjìká nu imú. Agatha ṣàánú rẹ̀, ó ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ń gbìyànjú.